Ẹ Má Ṣe Gé Ahọ́n Orin Ìlàjẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀nà jíjìn kí a tó wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ní àwọn ọdún 1970 kò lè gbàgbé fíìmù Íńdíà. Bí a bá ti jáde ní ilé sinimá, orin tí a kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni a ó máa kọ títí a ó fi dé ilé. Gbogbo wa gbà pé èdè tí gbogbo Íńdíà ń sọ nìyẹn. Àìmọ̀kan ni. Èdè Hindi ni ọ̀pọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyẹn, ọ̀kan ṣoṣo péré sì ni Hindi jẹ́ nínú èdè 22 tí ìwé òfin Íńdíà to orúkọ wọn. Lata Mangeshkar, tí ohùn rẹ̀ kún inú fíìmù náà, tí ó sì kú ní ọdún 2022, Marathi ni èdè ìyá rẹ̀. Orin orílẹ̀-èdè wọn gan-an, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1950, èdè Bengali ni Rabindranath Tagore fi kọ ọ́. Ní ilẹ̀ Bengal yìí kan náà, níbi tí àwọn odò ńláńlá ti ń pín sí ẹ̀ka kí wọ́n tó wọ òkun, àwọn atukọ̀ ní orin kan tí wọ́n ń pè ní bhatiali, èyí tí wọ́n máa ń kọ nígbà tí omi bá ń gbé ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Orin Íńdíà ni, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́kọ́ di Hindi kí ó tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó mú mi rántí gbogbo èyí? Ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ ni. Ọmọ òkè ni mí, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì gbé mi dé ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún kan, wọ́n fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìdíje orin ìbílẹ̀ láàrin àwọn ilé-ìwé. Àwọn ọmọ kan wá láti abúlé orí omi. Ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n tó rí mọ́tò wọ̀ ní Igbókòdá. Orin apẹja ni wọ́n kọ. Wọ́n jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ wa àjẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ọ̀kan ń dá, àwọn yòókù ń gbè, ara gbogbo ènìyàn sì yá gágá.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìwé máàkì tí wọ́n fún wa: pípe ọ̀rọ̀ bí ó ti tọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pe ilé ní “ulé”, mo fa igi sí i. Nígbà tí wọ́n pe owó ní “eghó”, mo tún fa igi. Nínú máàkì mẹ́wàá, méjì ni mo fún wọn. Àwọn tí ìbá ṣe ipò kìíní wá di ẹni ipò kẹrin, mo sì palẹ̀ ìwé mi mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe òdodo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní ẹbúté Igbókòdá, ìyá àgbà kan tí ó kó àwọn ọmọ náà wá ké sí mi. Ó ní, “Tíṣà, ìwọ ni wọ́n ní o sọ pé àwọn ọmọ mi kò mọ ọ̀rọ̀ pè?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Bí ìwé ìdíje ṣe wí ni mo ṣe.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ìyá tí ó bí mi ni ó kọ́ mi ní orin yẹn. Ta ni kí n wá lọ bá, kí ó tún un pè fún mi?”

N kò rí èsì fọ̀. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé, tí mo sì ń tẹ́tí sí àwọn tí ó ni èdè. Ọ̀mọ̀wé Abíọ́dún Adétugbó, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti 1967, ti fi hàn pé ẹ̀ka-èdè Yorùbá pín sí agbo bíi mélòó kan, àti pé Ìlàjẹ wà nínú agbo gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Ìkálẹ̀, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ní agbo yìí, fáwẹ́lì “u” lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tí Yorùbá inú ìwé kò gbà. Ìró “gh” tí wọ́n ń ti ọ̀nà ọ̀fun pè sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé ìró àtijọ́ ni, àti pé àwa ará òkè ni ó ti bọ́ mọ́ lẹ́nu. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà! Ẹni tí ó sọ ohun ìní bàbá rẹ̀ nù ni ó ń fi igi pupa sí ìwé ẹni tí ó pa tirẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Etíkun yẹn kì í sì í ṣe ibi tí ohùn kan ṣoṣo ti ń dún. Ugbò, Máhìn, Àhẹrí àti Etíkàn ni ìjọba mẹ́rin tí àwọn Ìlàjẹ ní. Bí ènìyàn bá tukọ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, yóò bá àwọn Ìṣẹ̀kírì, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan tiwa. Ní Àrógbò, èdè Ìjọ̀ ni wọ́n ń sọ, èyí tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Àwọn Àpọ́ì ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n ka ara wọn sí Ìjọ̀, Yorùbá ni ó ti gba ẹnu wọn. Ìtàn sọ pé nígbà tí Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ fẹ́ parí ìjà kan láyé àtijọ́, ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi rúbọ láti fi mulẹ̀, òun sì ni ó di òrìṣà Ayélála tí ìhà méjèèjì jọ ń bẹ̀rù. Èdè méjì, ìbúra kan. Nígbà tí ìjà tún dé láàrin wọn ní 1998 àti 1999, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí iná jó abúlé, kì í ṣe àìgbédè ara wọn ni ó fà á.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ó burú bí a bá tún orin wọ̀nyí kọ ní Yorùbá ajùmọ̀lò kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fò ó. Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ó fún wa ní èdè kan tí ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Èkìtì lè jọ fi kàwé. Láìsí i, èmi kì bá tí rí ọ̀nà bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Olùkọ́ tí ó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní “ilé”.

Ṣùgbọ́n orin yàtọ̀ sí àròkọ. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ohùn orin Yorùbá: ibi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin a gòkè, ibi tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, orin a sọ̀. Ẹ rántí bí ó ti rí nígbà tí àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ìyìn yí padà di ohun ẹ̀rín ní ẹnu ìjọ. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe làálàá lórí ọ̀ràn yìí, ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. A dúpẹ́ pé a ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe ohun kan náà fún Ìlàjẹ? Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ wọn, tí a fi ọ̀rọ̀ wa tí ohùn rẹ̀ tàbí gígùn rẹ̀ kò bára mu rọ́pò, àfi kí orin wọ́, tàbí kí ìtumọ̀ wọ́. Àjẹ̀ tí wọ́n ń wà sí ìlù orin náà yóò sì ṣi omi gbá.

Pé àwọn ènìyàn kò ní gbọ́ ọ kò tó ẹjọ́. Comfort Ọmọ́gẹ̀ àti ẹgbẹ́ Àṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀ gbé àwo jáde ní àwọn ọdún 1970, ohùn ilé rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́. Elémurẹ̀ Ògúnyẹmí fi ti Èkìtì kọ tirẹ̀. Odòláyé Àrẹ̀mú kò fi Ìlọrin sílẹ̀ nínú dadakúàdà títí ó fi kú ní 1997. Ẹni tí kò gbọ́ ọ tán béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́. Mo ti rí ará Ọ̀yọ́ tí ó ń jó bírípo àwọn Ìlàjẹ níbi òkú àgbà, tí kò mọ ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ nínú rẹ̀, tí òógùn sì bò ó.

Ohun tí ó ń kán mi lójú ni òkun. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, omi òkun ti gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé ń wó tẹ̀lé ilé. Àwọn tí ilé wọn bá lọ a kó lọ sí Igbókòdá, tàbí sí Èkó, sí Makoko níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn Ègùn gbé lórí omi, tàbí sí Bàrígà. Orin wíwa ọkọ̀ kò rí ọkọ̀ bá lọ níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n sì bí ní Èkó, “ilé” ni yóò pè é láìsí kí adájọ́ kankan fa igi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ ní fóònù lọ́wọ́. Ẹ lọ bá àwọn àgbà, ẹ gba orin wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti pè é gan-an, kí ẹ kọ orúkọ abúlé tí ó ti wá àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe. Nígbà tí Grierson ń ṣe ètò kíka àwọn èdè Íńdíà, tí àwọn ìwé rẹ̀ jáde láàrin 1903 sí 1928, wọ́n gba ohùn ọ̀pọ̀ èdè àti ẹ̀ka-èdè sílẹ̀ lórí àwo giramafóònù. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ràgàjì ṣe nígbà náà, ọmọ kíláàsì kẹta lè ṣe é lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje pẹ̀lú, ẹ yọ ìlà “pípe ọ̀rọ̀” kúrò, tàbí kí ẹ fi ọmọ bíbí ìlú tí orin ti wá sí ipò adájọ́ rẹ̀.

Mo ti kọ ìwé sí àwọn tí ó fi mí ṣe adájọ́ ní ọjọ́sí, mo ní kí wọ́n dá máàkì mẹ́jọ àwọn ọmọ náà padà. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Mo wá gba ẹbúté lọ ní ọjọ́ ọjà, mo wá ìyá náà rí níbi tí ó ti ń ta edé gbígbẹ. Ó ní kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó dá mi dúró nítorí “gh” kan tí ọ̀fun mi kò rí gbé jáde.