Ẹní Ṣe é Ká, Tìmùtìmù Kò Ṣe é Ká

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò tíì kó kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ṣófo tán, tí àpótí, ìkòkò, àga àti ìwé ti wọnú ọkọ̀, tí awakọ̀ ń fọn fèrè, tí ó wá ku tìmùtìmù àtijọ́ kan ṣoṣo nílẹ̀, onítọ̀hún mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ a ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyàwó a ní owó ni wọ́n fi rà á. Ìyá ọkọ, bí ó bá wà níbẹ̀, a ní a kì í fi ohun tí òógùn ara ẹni ti rin sílẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀. Awakọ̀ a ní bí wọn yóò bá gbé e, kí wọ́n fi owó lé owó ọkọ̀.

Ní agbègbè wa yìí, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995 kí orúkọ tó yí padà sí Yewa, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì rárá. Láti ọdún 1979 ni ilé-ẹ̀kọ́ Poli ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìlaròó; ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ sì wà ní Ayétòrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dé, àwọn mìíràn ń lọ. Àwọn olùkọ́ ń gba ìwé pé kí wọ́n lọ máa kọ́ni níbòmíràn. Àwọn aṣọ́bodè tó wà ní Ìdí-Ìrókò lónìí lè wà ní ibodè ilẹ̀ Haúsá lọ́dún tó ń bọ̀. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ ó rí fóòmù tí wọ́n fi okùn dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tí ọmọkùnrin kan fi àyà tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé òun àti ẹrù rẹ̀ sínú igbó.

Àwọn baba ńlá wa kò ní irú ìyọnu yìí, nítorí ẹní ni wọ́n ń sùn lé. Ẹní ìkó wà, ẹní fàfá wà. Ẹlòmíràn a fi amọ̀ mọ pèpéle, a sì tẹ́ ẹní lé e. Nígbà tí aṣọ òyìnbó pọ̀ lọ́jà ni àwọn télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rán àpò ńlá tí wọ́n ń ki koríko gbígbẹ tàbí òwú àràbà sínú rẹ̀. (Òwú àràbà kan náà ni òyìnbó máa ń ki nígbà kan rí sínú ẹ̀wù tí atukọ̀ òkun ń wọ̀ kí ó má baà rì, nítorí kò tètè fa omi.) Fóòmù ni ó dé gbẹ̀yìn. Ní ọdún 1937 ni Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì rí ìmọ̀ kẹ́míkà tó bí i. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí a má fi ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí à ń jà lé lórí yìí kò tíì pẹ́ láàrin wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa. A ń tẹ́ ẹní, a ń ká ẹní. Ohun tí a ń tẹ́ lálẹ́ tí a sì ń ká láàárọ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹní a fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yàrá tí ènìyàn mẹ́fà sùn sí lóru a sì di gbọ̀ngàn tí a ti ń gba àlejò lọ́sàn-án. Bí ìrìn-àjò bá dé, ẹní a bọ́ sí abẹ́ apá. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ Yewa yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi la ilẹ̀ wa sí méjì, tí ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé tí àbúrò bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Faransé wá ń fi ipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun àgbáyé ti 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Kétu àti Ọ̀họ̀rí sá wọ apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1976 pé sísá yẹn gan-an jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi kọ ìjọba náà lójú. Ẹni tó ń sá gba inú igbó kọjá lóru ń gbé ọmọ, ó ń gbé ohun jíjẹ, ó sì lè ká ẹní. Ta ni yóò gbé tìmùtìmù?

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Gáńà mọ ohun tí à ń wí. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá tó ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, sì wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ wọn ká. Ní January 1983 ó kan àwọn ará Gáńà: ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn tí kò ní ìwé máa lọ, wọ́n sì kọjá ní ọ̀nà Sèmè, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Àpò onílà gbàgàdà-gbagada tí a sọ lórúkọ nítorí ìlọ wọn ṣì wà lọ́jà títí di òní. Tìmùtìmù kò gba inú àpò yẹn.

Ní ti àṣà, ẹní ní òfin tirẹ̀. A máa ń fi ẹní wé òkú. Ẹní tí aláìsàn kú lé kì í sì padà sínú ilé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, opó a máa sùn lórí ẹní ní gbogbo ọjọ́ ìṣọ̀fọ̀, a ó sì kó ẹní náà dànù lọ́jọ́ tó bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó tọ́ kò sì jẹ́ tẹ́ ara rẹ̀ sórí ẹní onílé láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ó wá sùn. Òfin wọ̀nyí rọrùn láti pa mọ́, nítorí ẹlẹ́ní wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí a bá da ọ̀kan nù lónìí, a ó ra òmíràn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Àṣìṣe tí a ń ṣe, lójú tèmi, ni pé a gbé òfin ẹní, a fi lé tìmùtìmù lórí bó ti wà, láìwo ìdí tí àwọn àgbà fi ṣe é. Òṣìṣẹ́ mìíràn yóò fi owó oṣù rẹ̀ tó pọ̀ ra fóòmù kan. Kí ẹnìkan wá ní kí ó sọ ọ́ nù nítorí pé ó ń kó lọ sí ilé mìíràn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sùn lórí sìmẹ́ǹtì títí tí owó mìíràn yóò fi dé, ìyẹn kì í ṣe àṣà Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òógùn ara. Èmi kò ní fi àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọ̀tá lè fi ohun ara wọn ṣe wọ́n ní ibi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn òbí mi náà kò jẹ́ fi irun orí wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti gẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà tó ń bẹ̀rù yìí yóò lọ sí ọjà òkìrìkà lẹ́bàá ibodè, yóò ra ẹ̀wù tí òyìnbó kan tí kò mọ̀ rí ti fi làágùn ní ìlú òtútù, yóò sì wọ̀ ọ́ lọ sóde ìgbéyàwó. Bí òógùn bá léwu, ṣé ti òkè òkun kò léwu ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni jù ni ti àwọn àgbà. Ìyá àgbà kan wà ní Ayétòrò tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó pinnu pé kí ó wá máa gbé ní Ìlaròó, nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Èrò rere ni. Wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n kó gbogbo ẹrù ìyá wọn tán kí oòrùn tó mú, wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì olówùú àràbà rẹ̀ sọ sí àkìtàn, nítorí pé ó ti rí pẹlẹbẹ láàrin, aṣọ rẹ̀ sì ti gbó. Fóòmù tuntun tó ga títí dé orúnkún ni wọ́n tẹ́ fún un ní ilé tuntun. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní.

"Màmá, kí ló dé? Ṣé fóòmù náà kò dára ni?"

"Ó dára púpọ̀, ọkọ mi. Ẹ ṣeun. Ẹ kàn kò bi mí ni."

Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ìyá ti kó owó pamọ́ sínú bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì sáré wakọ̀ padà lọ sí àkìtàn ní Ayétòrò. Kò sí owó kankan níbẹ̀. Ọkọ ìyá ni ó kó òwú jọ láti ìdí igi àràbà lọ́dún mẹ́ta, tí ó gbé e fún télọ̀. Orí rẹ̀ ni ìyá ti ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí rẹ̀ náà ni ó ti mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí lóru láìtan iná. Fóòmù tó ga dé orúnkún, tí kò ní ibi dídìmú, ewu ni fún ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìyá kò sọ ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ ọ́, kí wọ́n má baà pè é ní aláìmoore.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé ẹni tó ń sùn lórí ohun kan ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí a gbé e tàbí kí a fi í sílẹ̀. Bí ìyá bá ní kí a gbé e, kí a gbé e. Ìbáà gbó, ìbáà rí pẹlẹbẹ, a lè tú u, kí a sá òwú rẹ̀ sóòrùn, kí a rán aṣọ tuntun sí i; àwọn tó mọ irú iṣẹ́ yìí kò tíì tán pátápátá nílẹ̀ wa. Bí yàrá kò bá gbà á, kí a jókòó tì í, kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ń ta fóòmù fún àwọn tó ń wọlé bọ̀. Ó dára, ó ń dín ìnáwó kù fún òbí tó ti ta kòkó tàbí gaàrí kí ọmọ tó wọlé. Ẹ sáà sọ òtítọ́ fún ẹni tí ẹ ń tà á fún. Bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ lé e títí tó fi kú, a kò gbọdọ̀ tà á láìsọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí níbí, ìdí òfin ẹní ṣì dúró gbọn-in. Bí ìdun bá sì wà nínú rẹ̀, kò ṣe é tà, kò ṣe é fi tọrẹ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìdun tilẹ̀ burú ju iná lọ, nítorí ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun nínú ojú rírán fóòmù, kí ó máa retí ẹni tí yóò tún wá sùn. Sísá a sóòrùn nìkan kò tó, torí ooru kì í wọ inú rẹ̀ lọ tán. Ìyẹn kò wá ní kí ẹnikẹ́ni da oògùn apakòkòrò olóró lé e, kí ó sì sùn lé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn ti ti ibẹ̀ kú.

Ohun kan kù tí àwọn àgbà wa kò lè mọ̀, nítorí kò sí lásìkò wọn. Wọ́n ní kí a sun ẹní tí kò dára mọ́, wọ́n sì gbà á lóòótọ́, nítorí koríko ni ẹní. Fóòmù kì í ṣe koríko. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tó lè pa ènìyàn nínú. Kí a má ṣe sun ún ní àgbàlá, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Kí a gé e, kí a dì í sínú ọ̀rá, kí a kó o fún àwọn akólẹ̀, kí a sì kọ sí i lára pé ìdun wà níbẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gbé e padà sílé.

Ní ti àwọn tó ń fi tìmùtìmù sílẹ̀ nínú yàrá onílé láìsọ nǹkan, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn tí wọ́n sì lọ, ẹjọ́ wọn yàtọ̀. Onílé kì í ṣe alákìtàn. Bí o kò bá ní gbé e, pe onílé tàbí ẹni tó ń bọ̀ wá gba yàrá náà, tú aṣọ rẹ̀ lójú wọn lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n wo ojú rírán rẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ bóyá wọ́n fẹ́ ẹ.