Ẹṣin àti Ajá Nínú Eré Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Yóò Gé Koríko?

Àwọn àgbà wa ní, ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú sọ nínú ìwé oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹṣin tí ń jẹ koríko. Ẹṣin tí àwọn ọmọ wa ń gùn lójú kọ̀ǹpútà àti lójú fóònù ni. Àwa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò wí pé, "Eré ọmọdé ni èyí, kí ni ó kan ẹgbẹ́ wa nínú rẹ̀?" A bẹ̀ yín, ẹ má tí ì ṣí ojú ìwé yìí kọjá.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mú ìwé kan tọ̀ wá wá. Ó ti kọ ètò eré kan sínú rẹ̀, irú eré tí àwọn ènìyàn tí kò rí ara wọn rí ń bá ara wọn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olúkúlùkù sì ń gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹni gbé agbádá wọ̀: ẹnì kan á di ọdẹ, ẹnì kan á di jagunjagun, ẹnì kan á di oníṣòwò. Ilẹ̀ Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ayé àtijọ́ ni ó fi ṣe ibùdó eré náà, inú wa sì dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ inú eré yìí bá fẹ́ ti Iléṣà lọ sí Òṣogbo, yóò súfèé, ẹṣin yóò sì yọ láti ibi tí ẹnì kan kò mọ̀. Yóò gùn ún gba inú igbó kìjikìji kọjá bí ìmọ́lẹ̀ mànàmáná. Bí ó bá sì dé, ẹṣin náà yóò pòórá. Kìnnìún kékeré kan tún ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn fún ọ̀ṣọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a bi í. Níbo ni ẹṣin náà ti wá? Ta ni ó ń gé koríko fún un? Iṣẹ́ wo ni kìnnìún yẹn ń ṣe? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe é."

Òtítọ́ ni ó sọ, a sì lọ wádìí ohun tí "gbogbo wọn" ń ṣe. Nínú eré kan tí ń jẹ́ World of Warcraft, tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2004, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tí ń ṣe eré náà kò lè ní ẹran àgùn títí yóò fi dé ipele 40, yóò sì kó wúrà inú eré náà jọ pẹ̀lú làálàá kí ó tó lè rà á. Èyí dára; ó jọ bí ayé ti rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2010, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé ẹṣin oníràwọ̀ kan sí ọjà ní dọ́là 25, owó gidi. Ẹni tí ó wọ inú eré náà lánàá lè gùn ún lónìí, bí bàbá rẹ̀ bá ti ní owó. Ṣáájú èyí, ní 2006, ilé-iṣẹ́ Bethesda ti ta ìhámọ́ra ẹṣin fún àwọn tí ń ṣe eré wọn tí ń jẹ́ Oblivion. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe ẹ̀sín gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀sín náà kò dá òwò náà dúró. Lónìí, àwọn mìíràn ń fi ẹran ọ̀sìn pa mọ́ sínú àpótí tí a dé pa: ọmọdé yóò kọ́kọ́ san owó, kí ó tó mọ̀ bóyá ẹyẹ idì ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí eku. Ní 2018, àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ rú òfin tẹ́tẹ́ wọn. Àwa tí a ti ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ kò nílò kí ará Bẹ́ljíọ̀mù wí fún wa kí a tó mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́, ìbáà jẹ́ orí ẹni ni a fi ta á tàbí orí ẹṣin.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ohun tí àwọn àlejò ń ṣe ni ó burú. Ní 2017, àwọn tí ó ṣe eré Guild Wars 2 fi ẹran àgùn sínú rẹ̀, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ọ̀kan ń fò kọjá ọ̀gbun gbọọrọ. Ọ̀kan tí ó dàbí ehoro ń fò sókè gun àpáta. Ọ̀kan ń rá bàbà lórí omi láìrì. Ẹni tí ó fẹ́ dé ibi kan gbọ́dọ̀ ronú ẹran tí yóò gbé e débẹ̀. Wọ́n yin àwọn tí ó ṣe é fún ọgbọ́n yìí, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí ìyá àgbà rẹ̀ kò pa àlọ́ ọdẹ fún, ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, tí àwọn ọ̀tá ká mọ́ orí igi, tí wọ́n sì ń gé igi náà lábẹ́ rẹ̀? Ajá kan wà fún gígé ọ̀tá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èkejì fún gbígbé mì, ẹ̀kẹta fún gbígbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ó má sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ìjà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ní orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí ọdẹ kò bá sì rántí orúkọ náà ní pípé, ikú ni. Ohun tí wọ́n yìn ní 2017 ti wà ní ẹsẹ̀ àdògán wa, lábẹ́ òṣùpá, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kọ̀ǹpútà. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà: ajá tiwa ní orúkọ, ó sì ń gbọ́ ìpè láti ilé nígbà ìpọ́njú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹṣin ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí. Ẹṣin kì í ṣe ọmọ bíbí inú igbó. Láti ìhà àríwá ni àwọn Ọ̀yọ́ ti ń rà á ní owó iyebíye, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó sì ti wúlò fún ogun. Bí a bá mú un wọ inú igbó, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ yóò kó àìsàn bá a, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Nítorí náà, ní ilẹ̀ bí ti Ìjẹ̀ṣà, ohun ọlá ni ẹṣin jẹ́, kì í ṣe ohun ìrìn àjò mẹ̀kúnnù. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ni wọ́n dó ti Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, tí àwọn ará Ìbàdàn wá gba ìlú náà sílẹ̀ tí wọ́n sì tú wọn ká. Láti ìgbà náà ni agbára àwọn ẹlẹ́ṣin kò ti lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gúúsù mọ́ bí wọ́n ti fẹ́. Nígbà tí ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí Ògèdèǹgbé kó àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jọ sórí òkè lẹ́bàá Ìmẹ̀sí-Ilé láti dojú kọ Ìbàdàn tí ó dó sí Ìgbájọ, ìró ìbọn ni ó sọ ogun náà lórúkọ, kì í ṣe ìró pátákò ẹṣin.

Ǹjẹ́ ẹ rí ohun tí ọmọ wa sọ nù? Ó rò pé òun mú eré òun dùn nípa jíjẹ́ kí ẹṣin sáré níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí kò ti lè sáré gan-an ni adùn eré náà wà. Jẹ́ kí ẹṣin lágbára lórí ọ̀dàn, kí ó sì máa rẹ̀ bí ó bá ti ń wọ inú igbó. Jẹ́ kí ẹni tí ń gùn ún yàn bóyá yóò so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀bá igbó kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu. Jẹ́ kí olówó lásán tí ó gun ẹṣin wọ ìlú láìní oyè gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú yóò sọ sí i. Nítorí a kì í gẹṣin kí a má ju ìpàkọ́, ìpàkọ́ jíjù sì ní ẹni tí ó tọ́ sí. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ìtàn ti ṣe sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó bá sì fẹ́ ohun ìrìn tí ó jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà ní tòótọ́, kí ó wo àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ wa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ẹrù orí la ilẹ̀ Yorùbá já, tí wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó ti mọ ọgbọ́n yìí: ilé-iṣẹ́ Maliyo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Okada Ride, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀kadà ni ẹṣin ará Èkó. Àwọn ará Kamẹrúùnù, ní ilé-iṣẹ́ Kiro'o ní Yaoundé, gbé eré Aurion jáde ní 2016 láti inú àṣà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. A kò ní í jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà yìí. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Ní ti ẹran tí ń tẹ̀ lé ènìyàn lẹ́yìn, àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó di ọjọ́ ikú kí ó yẹrí. Òfin nìyẹn tí ó tó láti fi ṣe odindi eré: ẹran tí a bọ́ dáradára kò ní í sá lọ́jọ́ ìjà, èyí tí a pa tì yóò fò lọ. Ẹ sì wo Òṣogbo fúnra rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ni wọ́n wá omi wá láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Ẹja odò náà sì jáde sí ọba, ó tẹ́wọ́ gbà á, láti inú èyí ni orúkọ oyè Ataọ́ja ti wá. Òjíṣẹ́ Ìhìnrere ni àwa, a kì í bọ odò. Ṣùgbọ́n a kò lè pa orúkọ oyè ọba rẹ́ nítorí pé a gba ìgbàgbọ́, àti pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn náà tí kò yẹ kí oníṣẹ́ eré kankan gbójú fò. A kò ra ẹja náà. A kò fi òkò gún un. Ó wá, a sì tẹ́wọ́. Àwa wí pé nínú eré tí ọmọ Yorùbá bá ṣe, ó kéré tán, kí ẹran kan wà tí owó kò lè rà.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé ọ̀lẹ ni eré ń kọ́ ọmọ. A bi wọ́n: ọ̀lẹ ni ayò kọ́ yín bí? Àwọn ọ̀dọ́ náà yóò wí pé bí ẹṣin bá ń jẹ koríko, tí ó sì ń ṣàìsàn, ẹnì kan kò ní í fẹ́ ṣe eré náà. A dá wọn lóhùn pé ní 1996, ní ilẹ̀ Japan, wọ́n ṣe ohun ìṣeré kan tí kò ju ẹyin lọ, tí wọ́n pè ní Tamagotchi. Ẹran kékeré inú rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ kí a gbá ìgbẹ́ rẹ̀, bí a bá sì pa á tì, yóò kú. Síbẹ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀ ni wọ́n tà nínú rẹ̀. Ọmọdé fẹ́ràn ohun tí ó nílò rẹ̀. Àwa gbà pé èyí náà ní ewu tirẹ̀, nítorí àwọn ọmọ gbé e lọ sí kíláàsì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ní láti fi òfin dè é. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí olùtọ́jú ẹṣin wà nínú eré náà, tí ọmọ yóò fi ẹṣin rẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹṣin náà má ṣe kú nítorí pé ọmọ ń kàwé.

Kí ni a wá ń béèrè? Ẹ̀yin olóyè wa tí a ń di ẹṣin ní gàárì fún lọ́jọ́ ọdún, ẹ gba àwọn ọmọ wa láàyè láti bi àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ léèrè: bí a ti ń fi ìjánu sí i lẹ́nu, bí a ti ń mọ̀ pé àìsàn ti mú un. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ sọ orúkọ ajá yín fún wọn àti ìpè tí ẹ fi ń pè é, kí ẹ tó mú un lọ sí ibojì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe ta ẹran inú àpótí fún ọmọdé láé. Àwa náà yóò bẹ àwọn olóòtú ìwé yìí pé kí wọ́n fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lóṣooṣù fún ohun tí ẹ bá rí kó jọ.

Ọmọ wa ti padà tọ̀ wá wá. Ó ti yọ kìnnìún kúrò, ó sì fi ajá dípò rẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ ti ń jẹ koríko. Ó ní kí a bá òun fún ajá náà ní orúkọ. A kọ̀ fún un. A ní kí ó lọ bá bàbá bàbá rẹ̀ ní abúlé, nítorí ọdẹ ni bàbá náà, ogbó sì ti dé sí i. Ó ti lọ. A ń retí rẹ̀.