Túùbù Bàbà Ò Bá Yangí Mu

Ẹ wò ó, tí wọ́n bá bi mí irú ẹ̀rọ X-ray tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa yẹ kó rà láti fi yẹ erùpẹ̀ wò, màá kọ́kọ́ bi wọ́n pé: erùpẹ̀ ibo? Tó bá jẹ́ yangí ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ra túùbù bàbà torí pé òun ló pọ̀ jù láyé.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ò díjú. A máa lọ erùpẹ̀ kúnná, a ó tan X-ray sí i, crystal kọ̀ọ̀kan á sì ta á padà ní igun tiẹ̀. Igun yẹn la fi ń mọ̀ bóyá kaolinite ni àbí goethite.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. X-ray tó ń ti ara bàbà jáde ní agbára 8.05 keV. Tí agbára bá ti kọjá 7.11 keV, irin á gbé X-ray náà mì, á sì máa tú tiẹ̀ síta káàkiri. Irin ló sì mú kí yangí pupa! Ariwo á wá bo àwòrán, àwọn òkè kéékèèké á rì sínú ẹ̀. Goethite tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lè wà níbẹ̀, kó má rí i. Ti cobalt ò ju 6.93 keV lọ, kò lè jí irin.

NASA mọ èyí. Curiosity tó balẹ̀ sí Mars lọ́dún 2012, túùbù cobalt ló wà nínú ẹ̀rọ CheMin ẹ̀. Mars náà kúkú pupa, irin ló fà á.

Àwọn kan á ní detector ìgbàlódé lè yọ ariwo náà kúrò. Òótọ́ ni, àmọ́ kò lè dá X-ray tí irin ti gbé mì padà. Bàbà dáa tiẹ̀ o, torí ó tètè ń gbé ooru lọ. Tó bá jẹ́ amọ̀ funfun tàbí oògùn lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, mi ò bá yín jà.

Iná àti omi ńkọ́? Ẹ̀rọ ńlá tí túùbù ẹ̀ ń jẹ kílówáàtì 2 nílò omi tútù tí ń sàn láìdúró. NEPA á mú iná lọ, iṣẹ́ bàjẹ́. Ti orí tábìlì, tí túùbù ẹ̀ jẹ́ wáàtì 600, ò nílò omi láti ìta. Á pẹ́ díẹ̀ lórí erùpẹ̀ kan, àmọ́ á parí ẹ̀. Èmi á ra kékeré yẹn, pẹ̀lú cobalt.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sanwó láti fi erùpẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíì, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: túùbù wo ló wà lára ẹ̀rọ yín?