Igbó Inú Ìgò

Àwọn kan ń bẹ láàárín àwa tí a kàwé tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá gbin ewéko sínú ìgò onídérí, tí ó gbé e sórí tábìlì, ni ó mọ iyì ewéko. Mo ti rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ mélòó kan ní Ọ̀wọ̀: òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, àti ewé tútù ara òkúta tí a ṣù róbótó bí òkèlè iyán. Onílé a sì máa yangàn pé ìgò náà ń tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ta kò.

Òótọ́ ni pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Omi inú iyẹ̀pẹ̀ a gbẹ lọ sókè, a sẹ̀ sára ìgò bí ìrì, a sì tún ṣàn padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni pé kò fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ gbé e sójú fèrèsé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn Ọ̀wọ̀ yóò bọ̀ ọ́ bí ẹ̀fọ́. Ẹ bomi sí i jù, yóò rà. Bí ìrì bá sì bo gbogbo ara ìgò tí kò lọ, àfi kí a ṣí ìdérí kí atẹ́gùn wọlé.

Ta tilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ nílò rẹ̀? Nathaniel Ward ni, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èéfín èédú ìlú náà ń pa ewéko rẹ̀. Ní 1829, ó dé kòkòrò kan mọ́ inú ìgò tí iyẹ̀pẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀. Ewéko ni ó hù níbẹ̀. Ní 1833, ó fi àpótí onígíláàsì kó ewéko ránṣẹ́ sí Ọsirélíà. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó ọ̀gbìn rọ́bà, tí wọ́n ti kó èso rẹ̀ kúrò ní Bràsíìlì, láti ọgbà Kew lọ sí Ceylon ní 1876. Ẹni tí atẹ́gùn ìlú rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí ẹni tí ó ń kó ọrọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ, ni a ṣe é fún. Èwo ni àwa nínú méjèèjì?

Àwọn ará Japan ní ohun róbótó kan tí wọ́n ń pè ní marimo. Ewéko inú omi ni, adágún Akan tí ó tutù sì ni ọ̀kan nínú ilé rẹ̀. Ní 1921, òfin fi í sábẹ́ ààbò. Láti 1950 ni àwọn ẹ̀yà Ainu sì ti ń ṣe ọdún rẹ̀, tí wọ́n ń dá a padà sínú adágún. Ẹ kíyè sí i: adágún ni wọ́n ń tọ́jú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ewé tútù tí a ń kẹ́ nínú ìgò ni ó ń bo ògiri àti ìdí igi nígbà òjò, tí a sì ń ha á dànù. A da sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá títí òjò kò fi ríbi wọlẹ̀. Ní Ọ̀sẹ̀, agégẹdú àti olóko ń jẹ igbó ọba Ifọ̀n lọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n rú èèwọ̀ ayaba Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, inú igbó ni ó sá wọ̀. Òun ni a ń rántí nínú ọdún Igógò. Ní Igbó Laja, láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo hú ère amọ̀ tí ilẹ̀ ti pa mọ́ láti nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí igbó bá tán, ibo ni a ó nawọ́ sí bí a bá ń pa ìtàn náà fún ọmọ?

N kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ́ ìgò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yẹ ìrì ara ìgò wò láràárọ̀ yẹ kí ó lè fi ẹ̀bá ògiri kan sílẹ̀ láìda sìmẹ́ǹtì sí i, kí ó sì lè bi ìjọba ní Àkúrẹ́ léèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí gẹdú tí ọkọ̀ ń kó kọjá. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé inú ìgò nìkan ni ó ti mọ ewé tútù, kò ní dùn ún bí a bá ta igbó.