Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Lítíréṣọ̀ àti Fíìmù

Nígbàkúùgbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde ni àwọn òbí kan máa ń kọminú. Ọmọ wọn ti yege, ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ àti fíìmù ni ó fẹ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Lójú bàbá, ta ni í san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ kí ó lè lọ wo sinimá?

Ẹ̀yin òbí, fíìmù kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ wa kí ó tó wọlé. Láti Mushin dé Súrùlérè, ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ti ń wò ó. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn bí a ti í wò ó, ohun tí ẹni tí ó gbé kámẹ́rà bá fẹ́ kí wọ́n rí náà ni wọ́n ń rí.

Ẹ wo Ó Le Kú. Ọdún 1974 ni ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá yìí jáde. Ní 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Ìtàn Àjàní ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, tí kò lè pinnu èyí tí yóò fẹ́ nínú obìnrin mẹ́ta. Ìtàn tí ó wúwo ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mú jáde nínú fíìmù náà? Ìró péńpé àti bùbá ni! Àwọn aránṣọ sọ ọ́ ní "oleku", orúkọ náà kò sì parun títí di òní. Nínú ìwé, òǹkàwé ni yóò fi ojú inú rán aṣọ. Nínú fíìmù, aṣọ ti wà lára obìnrin kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀.

Irú èyí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ọdún àkọ́kọ́: ta ni ó ń sọ ìtàn, ibo ni kámẹ́rà dúró sí, kí ni wọ́n gé kúrò? (Ẹni tí ó bá ti kọ́ ìmọ̀ balágà ní ilé-kéwú mọ̀ pé irú ìbéèrè báyìí kò ṣàjèjì sí wa.)

A kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dára, a kò sì sọ pé iṣẹ́ pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù bá gbé alfa jáde bí oníṣègùn ayédèrú, a máa ń bínú. Ta ni yóò kọ ìtàn mìíràn bí a kò bá jẹ́ kí ọmọ wa kọ́ ọ?

Bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá ti rí ààyè wọlé, kí ó ra ìwé Ó Le Kú. Kí àwọn méjèèjì kà á ná, kí wọ́n tó jọ wo fíìmù rẹ̀. Kí bàbá wá bi ọmọ léèrè ohun tí ó wà nínú ìwé tí kò sí nínú fíìmù.