Apó Obì Tí À Ń Dànù

Ẹ bá mi dé Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Agọ́-Ìwòyè lásìkò obì. Wọ́n á la apó, wọ́n á kó obì inú rẹ̀, apó á di òkìtì létí oko títí yóò fi jẹrà.

Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí láti LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fi omi ewé, apó, ọmọ àti èèpo obì gbànja ṣe èérún titanium dioxide tí ojú lásán kò lè rí. Titanium dioxide yìí kì í ṣe àlejò, òun ló ń mú ọ̀dà funfun. Ṣùgbọ́n tí ó bá kéré tó báyìí nínú omi, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì bà á, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á ta kúrò ní ipò, omi àti afẹ́fẹ́ á bá a dá sí i, wọ́n á sì já àwọ̀ aró sí wẹ́wẹ́. Láti 1972 ni Fujishima àti Honda ti fi agbára irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ han ayé ní Japan.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́? Lójú tèmi, àwọn ìyá aládìrẹ Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni, àti àgbẹ̀ olóbì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá sì ń sọ pé sáyẹ́ǹsì kò kàn wá! Èwo nínú wa ló ti wá orúkọ fún un? Mo dá a lábàá pé ká pè é ní afoòrùnṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ mú un wá.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ da èérún sódò o. Obì kọ́ ni titanium. A ṣì ní láti ra titanium fúnra rẹ̀, obì kàn ń bá wa sọ ọ́ di èérún ni. Díẹ̀ péré nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì ń lò. Èyí tó le jù ni bí a ó ṣe kó èérún náà kúrò nínú omi padà. Apẹja Ogun Waterside kan á kọ́kọ́ bi yín léèrè ìyẹn, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kò lè béèrè ohun tí kò gbọ́ rí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ ràn wá lọ́wọ́: ẹni tó bá mọ onímọ̀ kẹ́míkà tí yóò jókòó tì wá, kí a kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá, ká gbé e lọ sí Ìtòkú kí òjò tó dé.