Àáró Yàtọ̀ sí Àdàkọ: Ohun tí A Fẹ́ nínú Kíláàsì Kọ̀ǹpútà

Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n tí a kì í sọ níwájú olùkọ́: ọ̀rọ̀ òfin kíláàsì système d'exploitation tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ń lọ ṣe lọ́dọ̀ àwọn ará ìnfọmátíìkì.

Àwọn kan ń bi wá pé kí ni ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè ń wá níbẹ̀. Èsì wa kò gùn. Ètò yìí ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín ibi ìrántí àti àkókò fún gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, bí ìyálọ́jà ṣe ń pín ìsọ̀, kí ẹnì kan má baà gba ti ẹnì kejì. Orúkọ fáìlì pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹ wo lẹ́tà wa ọ̀. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn sì lè kọ o, kó fi àmì sí i nísàlẹ̀, kó tó wá fi àmì ohùn lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lórí Linux, orúkọ méjì ni wọ́n. Bí ará Benin kan bá tún fi ɔ̀ kọ ọ́, ó di mẹ́ta. Ẹni tó bá kó àkójọ ọ̀rọ̀ Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ sínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tó wá tẹ orúkọ rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ẹ̀rọ á ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Iṣẹ́ wa ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ìdí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá fi dùn wá nìyẹn. Àwọn méjì nínú wa fún olùkọ́ ní iṣẹ́ kan náà. Àṣìṣe tó wà nínú ti èkíní ló wà nínú ti èkejì. Òdo ni àwọn méjèèjì gbà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti fi òru mẹ́ta ṣe é. Ẹnì kejì ní kó jẹ́ kí òun wò ó, ó sì gbà, nítorí inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. A lọ bẹ olùkọ́. Wọ́n ní òfin ni òfin. A béèrè ibi tí wọ́n kọ òfin náà sí. Kò sí níbì kankan.

A kò gbè sẹ́yìn àdàkọ. Ohun tí a ń sọ ni pé òfin tí a kò kà létí ẹni ní ọjọ́ kìíní, pańpẹ́ ni. Ní MIT, ní Amẹ́ríkà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí xv6, ètò kékeré tí wọ́n kọ ní 2006 láti fi kọ́ni, wọ́n kọ òfin wọn sílẹ̀: ẹ lè jọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò gbọdọ̀ wo ohun tí ẹnì kejì kọ. Nígbà tí wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì náà ní 6.828, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí 72 fún ìpẹ́dé ní gbogbo sáà, kó pín in bó ṣe wù ú, láìtọrọ àyè.

A kò ní kí wọ́n gbé ti Amẹ́ríkà wá bó ṣe rí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́.

Èkíní, kí wọ́n fún wa ní wákàtí ìpẹ́dé tiwa. Iná ń lọ lóru. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní kọ̀ǹpútà nílé. Lónìí, ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, tàbí tí olùkọ́ mọ bàbá rẹ̀, ló ń rí àyè gbà. Wákàtí tó dọ́gba fún gbogbo wa sàn ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Èkejì, kí wọ́n sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ parí sí. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá wa ń ṣe àáró: wọ́n bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà bá wọn ro tiwọn lọ́la. Kò sí ẹni tó ń torí àáró kórè oko ẹlòmíràn. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, lo MINIX tí Andrew Tanenbaum gbé jáde ní 1987 láti fi kọ́ni, kó tó gbé Linux tirẹ̀ jáde ní 1991. Nígbà tí ẹnì kan fẹ̀sùn àdàkọ kàn án ní 2004, Tanenbaum fúnra rẹ̀ ló ní irọ́ ni. Ó kọ́gbọ́n lára iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó sì dá oko tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè ti dé, ó sì lè kọ iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀. Kí ó ṣàlàyé àṣìṣe fún ni yàtọ̀ sí kí ó ṣiṣẹ́ fún ni. Bí òfin kò bá sọ nǹkan kan, olóòótọ́ á máa bẹ̀rù, ẹlòmíràn á máa lò ó. Kí olùkọ́ pe oníkálukú wa, kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lójúkojú. Ẹni tó ro oko mọ ibi tí gbòǹgbò wà.

Àwa náà ní gbèsè tiwa: kí a tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a dárúkọ ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, kí a sì lè sọ fún ọ̀rẹ́ pé, «Jókòó, n ó ṣàlàyé fún ọ, ṣùgbọ́n n kò ní fún ọ ní fáìlì mi.» Kí sáà tuntun tó wọlé, ẹ jẹ́ kí a kọ ojú ìwé kan, ní Faransé àti ní Yorùbá, kí olórí kíláàsì wa mú un lọ bá olùkọ́. Ọ̀rẹ́ wa tó gba òdo yóò tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún yìí. Kó má ṣe tún bá a láìkọsílẹ̀.